Ọkọ̀ mi ń gbọ̀n tí mo bá dúró nínú gósílóò: ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí

Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ èyí, àmọ́ mo ní kí ọ̀rọ̀ náà yanjú tán ná, kí n má lọ gbé ẹ̀bi fún ohun tí kò ṣẹ̀.

Camry 2004 ni mò ń wà, èyí tí a ń pè ní Big Daddy, oní pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rin. Òkè-Baálẹ̀ ni mò ń gbé, Abẹ́rẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àárín ìgboro sì ni mò ń gbà lójoojúmọ́. Tẹ̀sùbáà màmá mi kan wà tí mo fi kọ́ dígí tó wà lókè iwájú mi. Òun ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé nǹkan ń ṣe ọkọ̀ yìí. Tí mo bá ti há sínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ Ọjà Ọba, tí mo tẹ bíréèkì, tí jíà sì wà ní D, tẹ̀sùbáà á bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Kọ́kọ́rọ́ tí mo fi ṣáná á máa ta mọ́ra wọn, sítíárìn á máa gbọ̀n mí lọ́wọ́ títí dé ìgúnpá. Bí ọkọ̀ bá ti ṣí báyìí, gbogbo rẹ̀ á pa rọ́rọ́. Lọ́jọ́ kan tí mo gbé màmá lọ sí Òkè-Fìà, wọ́n wojú mi, wọ́n ní, "Ṣé òtútù ń mú ọkọ̀ rẹ ni?" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ìtìjú ni.

Mẹkáníìkì tó wà ládùúgbò ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá. Kò tíì ṣí bónẹ́ẹ̀tì tó fi ní pọ́lọ́ọ̀gì ni. A pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọkọ̀ ń gbọ̀n. Ó ní throttle, ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, ló dọ̀tí. A fọ̀ ọ́, ìdọ̀tí dúdú tó jáde níbẹ̀ pọ̀ bí èéfín ìdí ìkòkò, ìyẹn ò sì dùn mí torí ó yẹ kí n ti fọ̀ ọ́ tipẹ́. Ọkọ̀ ń gbọ̀n. Ó yọ nọ́sù tó ń fọ́n epo, ó fọ nọ́sù. Ọkọ̀ ń gbọ̀n. Ọjọ́ tó wá ní jíà ni, pé ká sọ jíà kalẹ̀, ọjọ́ yẹn ni mo gba kọ́kọ́rọ́ mi. Ẹni tí wọ́n bá ti sọ jíà ọ́tò rẹ̀ kalẹ̀ rí mọ ìdí tí mo fi sá.

Ẹnìkan níbi iṣẹ́ ló júwe bàbá kan fún mi lọ́nà Gbọ̀ngán, bàbá tó ti ń tún ọkọ̀ ṣe láti ìgbà tí Peugeot 504 ti ń jẹ́ ọkọ̀ ọ̀gá. Mo débẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ohun tí mo ti pààrọ̀. Bàbá ò dá mi lóhùn. Wọ́n wọlé sídìí sítíárìn, wọ́n ṣáná sí i, wọ́n fi sí D, wọ́n tẹ bíréèkì, wọ́n wá fọwọ́ pè mí. "Wo ọwọ́ RPM yìí." Mo wò ó, ọwọ́ tó ń sọ iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Ó dúró sí bíi 700. Ara ọkọ̀ ń gbọ̀n jìgìjìgì, tẹ̀sùbáà ń jó, ọwọ́ yẹn dúró gbọn-in bí ìṣó tí wọ́n kàn mọ́gi. Bàbá ní, "Tó bá jẹ́ pé epo kò jóná dáadáa ni, ọwọ́ yìí á máa ṣubú, á máa dìde. Ẹ́ńjìnnì yìí ń sáré geere. Ibi tó jókòó sí ni kò gbà á mọ́." Wọ́n fi sí N, ìgbọ̀n náà dín kù lójú ẹsẹ̀. Wọ́n dá a padà sí D, ó tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní tó bá wà ní D, jíà á máa fa ẹ́ńjìnnì, bíréèkì ò sì jẹ́ kó lọ, síìtì ẹ́ńjìnnì, rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, ló ń gba gbogbo ìyà yẹn.

Wọ́n wá ṣe ohun kan tí mi ò rí rí. Wọ́n fi igi dí táyà níwájú àti lẹ́yìn, wọ́n ní kí ọmọ iṣẹ́ kan wọlé kó fa háńdì bíréèkì, kó tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣinṣin, kó máa gbé e sí D, kó gbé e sí R. Àwa méjèèjì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, bàbá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró síwájú ọkọ̀. Nígbà tí jíà wọ R, ẹ́ńjìnnì odindi fò sókè bí ẹni tí ìjàlọ jẹ nídìí. Wọ́n ti irin gígùn bọ abẹ́ síìtì tó wà lápá ibi bẹ́líìtì, wọ́n fi gbé e díẹ̀: rọ́bà rẹ̀ ti là láti etí kan dé èkejì, ẹnu rẹ̀ yà bí ẹnu ẹja. Ó lómi nínú tẹ́lẹ̀, omi náà ti jò tán, ó ti bá eruku pò di ẹrẹ̀ dúdú sára irin. Mi ò bá má mọ̀ láé. Ta ló ń wo abẹ́ ibẹ̀ yẹn?

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe tèmi nìyí, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Bàbá ní kí n lọ wá ojúlówó tòkunbọ̀. Èmi wò ó pé tuntun tó wà nínú páálí ló ń dán, owó rẹ̀ sì tún kéré ju ti tòkunbọ̀ lọ, mo rà á. Wọ́n wò ó, wọ́n mirí, wọ́n bá mi dè é. Ẹ gbà mí, ọkọ̀ gbọ̀n ju ti àtẹ̀yìnwá lọ! Ti tẹ́lẹ̀, tẹ̀sùbáà ló ń jó. Ti báyìí, eyín mi ni. Bàbá yọ ọ́, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n fi àtàǹpàkò tẹ rọ́bà rẹ̀. Ó le bí igi ìrókò, kò sì sí omi kankan nínú rẹ̀. Rọ́bà tó le báyẹn kì í gba ìgbọ̀n mì, ṣe ló ń gbé e fún ara ọkọ̀ tààrà.

Mo padà lọ ra tòkunbọ̀. Kí wọ́n tó dè é pa, wọ́n fi àwọn bóòtì rẹ̀ sílẹ̀ kó dẹ̀ díẹ̀, wọ́n ṣáná sí ọkọ̀, wọ́n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ wá ibi tó máa jókòó sí, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó dè é pinpin. Wọ́n ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí máa ń fi irin fà á wá sójú ihò tipátipá, rọ́bà á ti lọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn, mo há sí Ọjà Ọba fún ìdajì wákàtí lọ́jọ́ Sátidé, tẹ̀sùbáà ò mì. Ẹ̀yin náà, ẹ sọ tiyín.

*

Ìyá Ẹlẹ́yin, Ayétòrò

Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n. Tèmi yàtọ̀ sí tiyín o. Corolla 2005 ni, òun ni mo fi ń kó ẹyin lọ fún àwọn oníbàárà mi, ẹ sì mọ̀ pé ọkọ̀ tó ń gbọ̀n àti kéréètì ẹyin kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ọwọ́ RPM tèmi ń jó ni. Á lọ sí 500, á fò sí 800, ọkọ̀ á máa hu bí ẹni tí ikọ́ ń dà láàmú. Iná check engine tàn, nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Àbúrò mi ní bó bá ti ń ṣẹ́jú, kí n páàkì, kí n má wà á mọ́.

Ẹni tó fi skánà, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe ọkọ̀, wò ó rí kóòdù P0302. Ó ní nọ́ńbà tó kẹ́yìn yẹn ni ilé pọ́lọ́ọ̀gì tí kò jóná, ìkejì nìyẹn. Kò ní kí n lọ ra nǹkan kan. Ó yọ kóìlì ilé kejì, èyí tó ń fún pọ́lọ́ọ̀gì níná, ó gbé e sí ìkẹta, ó gbé ti ìkẹta sí ìkejì, ó pa kóòdù rẹ́, ó ní kí n yí àdúgbò po. Nígbà tí mo dé, skánà ti ń kà P0303. Kóìlì ló kó àrùn rẹ̀ lọ! Owó kóìlì kan ṣoṣo ni mo san. Ẹni tó kọ́kọ́ wò ó ti ní kí n ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, nígbà tó yọ kóìlì náà, òróró ẹ́ńjìnnì ló fi yọ ọ́, ó ń kán tó tó bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo. Gásíkẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì, rọ́bà tó ń dí ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, ló ti gbó, tó ń jò sínú ihò pọ́lọ́ọ̀gì. Ká ní mo ra kóìlì tuntun tí mi ò ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì, oṣù mélòó ló máa lò?

*

Tísà, ọ̀nà Ìlobù

Tèmi ò gùn. Mo ra epo lálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò rọ̀, láàárọ̀ ọjọ́ kejì ọkọ̀ ń gbọ̀n, ó ń jẹ́kì, ó ń kú. Omi ló wà nínú epo. A fà á dà sínú gáláàsì, omi wà nísàlẹ̀, epo léfòó. Kí ẹ tó pààrọ̀ ohunkóhun, ẹ rántí ibi tí ẹ ti ra epo kẹ́yìn.

*

Ọmọ Iṣẹ́ Irin, Old Garage

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un. Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn dáa, àmọ́ ẹ má sọ ọ́ di òfin. Bréènì bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, máa ń tiraka láti mú RPM dúró, nítorí náà tí ilé pọ́lọ́ọ̀gì kan bá ń jóná lọ́nà tí kò pé, ọwọ́ náà lè má mì tó bẹ́ẹ̀. Ṣe ni kí ẹ lọ sẹ́yìn, sẹ́nu sàléńsà, kí ẹ tẹ́tí. Tó bá ń lọ fùù láìdáwọ́ dúró, ọkàn yín á balẹ̀ díẹ̀. Tó bá ń ní "fù fù fù, pà, fù fù, pà," ilé kan ń sùn.

Èyí tó ń tan àwa mẹkáníìkì jù ni páìpù afẹ́fẹ́ kékeré tó là. Rọ́bà ni, ooru ẹ́ńjìnnì á jẹ ẹ́ títí á fi gbẹ. Afẹ́fẹ́ tí bréènì bọ́ọ̀sì ò kà á wọlé, epo á kéré sí i, ọkọ̀ á máa gbọ̀n tó bá dúró, àmọ́ tí ẹ bá tẹ tọ́tù, ara rẹ̀ á yá. P0171 ni skánà sábà máa ń kà, ìyẹn ni pé epo kéré jù fún afẹ́fẹ́ tó wọlé. Àwọn kan máa ń fọ́n carburetor cleaner káàkiri ibẹ̀ láti fi wá a. Èmi kì í ṣe é lórí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, iná ni nǹkan yẹn. Píláyà ni mo fi ń fún páìpù kọ̀ọ̀kan pọ̀ díẹ̀. Èyí tí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà dáadáa nígbà tí mo fún un, mo ti mú olè.

Kẹ́ ẹ sì má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọkọ̀ yín ti dàgbà jù fún skánà. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1996 ní ihò rẹ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù.

*

Ọmọ Ìta Olóòkan

Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ jọ̀ọ́. Tèmi kì í gbọ̀n àfi tí mo bá tan A/C. Síìtì ẹ́ńjìnnì ni àbí?

*

Ọmọ Iṣẹ́ Irin, Old Garage

Ó lè jẹ́ síìtì, ó lè jẹ́ throttle tó dọ̀tí, torí A/C ń gbé ẹrù lé ẹ́ńjìnnì, ó sì yẹ kí RPM gòkè díẹ̀ láti fi gbé e. Àmọ́ nǹkan kan wà tí a kì í wò. Tí ẹ bá tan A/C, fáànù iwájú náà á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ wá fi iná tọ́ọ̀ṣì wo fáànù yẹn.

*

Ọmọ Ìta Olóòkan

Ọ̀gá! Apá fáànù kan ti ṣẹ́ dànù. Ṣé mo lè rí apá ẹyọ kan rà?

*

Ọmọ Iṣẹ́ Irin, Old Garage

Òun ló ń gbọ̀n ọkọ̀ yín, kò dọ́gba mọ́. Rárá o, ẹ ra fáànù odindi, kẹ́ ẹ sì yí i lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó.