Ẹ gbà mí o: ìṣòro owó ìjọba amúnisìn, èwo ni kí n mú?

Àbẹ̀kẹ́_Ìtòkò: Ẹ kú ilé o. Lọ́la ni mo máa mú orí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìwádìí mi lọ bá ọ̀gá mi. Èwo ni kí n mú, ibo ni ìwé ẹ̀ sì wà? Ẹ dákun, ẹ tètè.

Tíṣà_Àgbà: Ọtí ni kí o mú, ọmọ mi. Owó ibodè orí jíìnì tó ń ti òkè òkun wá ló ń gbọ́ bùkátà ìjọba amúnisìn Gúúsù Nàìjíríà. Nígbà tí ogun 1914 dé, tí ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ọtí wá láti Hamburg nílẹ̀ Jámánì ò wá mọ́, àpò wọn gbẹ.

Ọmọ_Ìwé: Náṣọ́nà Ákáífù, ibi tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ sí, tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn ni kó o lọ. Fáìlì Abẹ́òkúta wà níbẹ̀.

Bàbá_Ìbejì: Kì í ṣe Ìbàdàn ni mò ń wí o, àmọ́ ṣọ́ra. Ibi ìkówèésí kan, mo jókòó síbẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún wọ́n gbé fáìlì jáde, ikán ti jẹ ẹ́ láti etí dé àárín. Ojú ìwé tí iye owó wà gan-an ló di ìyẹ̀fun lọ́wọ́ mi. Omi bọ́ lójú mi.

Àdùkẹ́_Ọlọ́jà: Hẹ̀n! Tèmi, òjò ló bà á jẹ́. Owó mọ́tò mi gbé.

Ọmọ_Ìwé: Ẹ má dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Ìbàdàn ò rí bẹ́ẹ̀.

Bàbá_Ìbejì: Mo ní kì í ṣe Ìbàdàn!

Jagun: Ẹ fi ikán sílẹ̀. Owó ló jẹ́ kí Lugard, gómìnà òyìnbó ìgbà náà, so Àríwá mọ́ Gúúsù. Lọ́ńdọ̀nù ló ń fowó kún ti Àríwá, ó sì ti sú wọn.

Tíṣà_Àgbà: Owó nìkan kọ́, Jagun. Rélùwéè méjì, ti Àríwá àti ti Gúúsù, tó ń bára wọn du ẹrù ńkọ́?

Ọmọ_Èkó: Lọ́dọ̀ tiwa l'Ékòó, owó omi tí ìjọba fẹ́ máa gbà lọ́wọ́ ará ìlú ni. Torí ẹ̀ ni Dókítà Randle àti Dókítà Obasa ṣe dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ ní 1908.

Àbẹ̀kẹ́_Ìtòkò: Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Owó orí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ni mo mú, èyí tí Ìyá Ransome-Kuti kó wọn jáde lé lórí ní 1947. Màmá àgbà ṣí àpótí páànù lálẹ́ yìí, ìwé owó orí ìyá wọn ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ká a mọ́ àkísà àdìrẹ. Ọmọbìnrin ọdún 15 ti ń san án, ọkùnrin di 16. Wọ́n ní aṣọ ìgbéyàwó ni ìyá wọn tà san án lọ́dún kan. Iwájú wọn ni mo ti ń kọ ọ́ báyìí.

Àdùkẹ́_Ọlọ́jà: Bá mi kí Màmá. Bi wọ́n léèrè ẹni tó ra aṣọ náà.