Wọ́n ní kí n yọ nọ́ọ̀sì kan kúrò lóru, ẹ gbà mí o!

Ọmọ Lọ́ńdọ́nù: Ẹ̀yin ará, àyà mi ń já. Wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà ló wà lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀dì 28, nọ́ọ̀sì mẹ́ta lóru. Àwọn ọ̀gá ní owó àjẹ́ńsì, ìyẹn nọ́ọ̀sì tí à ń yá láti ìta, ti pọ̀ jù, kí n yọ nọ́ọ̀sì kan, kí n fi HCA (olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì) dípò rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń retí róstà. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Ìyá Ìbejì, Manchester: Àbúrò, má gbà o! Wọ́ọ̀dù wa ti ṣe é rí. Nọ́ọ̀sì kan ń gba aláìsàn tuntun wọlé, ìkejì ń pín oògùn, bàbá kan dìde lóun nìkan, ó ṣubú, eegun ìbàdí rẹ̀ kán. Owó tí wọ́n ní àwọn tọ́jú, ìtọ́jú bàbá yẹn nìkan ti jẹ ẹ́ tán.

Bàbá Cardiff: Ẹ jọ̀ọ́ mà, HCA ló yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá yẹn. Ibẹ̀ ni àṣìṣe wà.

Ìyá Ìbejì, Manchester: Rárá sà. HCA wà nílẹ̀. Oògùn ìrora ni bàbá ń bèèrè, HCA ò sì láṣẹ láti fún un. Ó tẹ aago títí ó fi sú u.

Bàbá Cardiff: Háà. Ó yé mi báyìí. Ọmọ Lọ́ńdọ́nù, wo ìlànà NICE (àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní England) ti 2014: tí nọ́ọ̀sì ò bá pé méjì ní wọ́ọ̀dù, tàbí tí oògùn ìrora bá pẹ́ ju 30 ìṣẹ́jú lọ, red flag ni, àmì ewu nìyẹn. Máa kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Má sì ka bẹ́ẹ̀dì nìkan, bí àìsàn wọn ṣe le tó ni kó o kà. Ní Wales níbí, a ti ní òfin lórí iye nọ́ọ̀sì láti 2016.

Àǹtí LA: California ti bẹ̀rẹ̀ tiwa ní 2004! Nọ́ọ̀sì kan ò gbọdọ̀ gbà ju aláìsàn márùn-ún lọ ní wọ́ọ̀dù gbogbogbòò, méjì ní ICU, wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an. Ọ̀sán-òru.

Ẹ̀gbọ́n Melbourne: Àǹtí, ẹ rọra. Victoria, ìpínlẹ̀ wa níbí, ti ń lò ó láti 2000, ẹ̀yin lẹ ń tẹ̀lé wa. Ọmọ Lọ́ńdọ́nù, ọ̀rọ̀ owó ni kó o fi bá wọn sọ̀rọ̀. Lancet, ìwé ìròyìn ìṣègùn, gbé ìwádìí Queensland, ìpínlẹ̀ mìíràn ní Australia, jáde ní 2021: níbi tí wọ́n ti fi nọ́ọ̀sì kún un, aláìsàn ń tètè lọ ilé, àwọn tó ń padà wá sì dín kù. Owó tí ìyẹn dá dúró ju ìlọ́po méjì owó tí wọ́n fi gba nọ́ọ̀sì kún un lọ.

Ọmọ Lọ́ńdọ́nù: Ẹ ṣé gan-an ni. Tí n bá wá fi bank, ìyẹn àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wa tó ń ṣe àfikún iṣẹ́, dípò àjẹ́ńsì ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, Manchester: Ó dáa, ó dínwó, wọ́n sì mọ wọ́ọ̀dù. Kì í ṣe kí ẹni tó ṣe ọ̀sán tún wá ṣe òru o.

Àǹtí LA: Kó ẹrù ẹ wá sí LA jàre. Òfin wà, oòrùn wà.

Ẹ̀gbọ́n Melbourne: Kó máa wá jókòó sínú gósíló? Melbourne ló ń bọ̀!

Bàbá Cardiff: Ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀. Ìyá Yorùbá kan wà ní wọ́ọ̀dù mi báyìí. Bí mo ṣe kí i, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n jókòó, ó ti pẹ́ tóun ti gbọ́ èdè òun. Ilé sọ sí mi lọ́kàn. Aago ń dún lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, mo ní láti dìde.

Ìyá Ìbejì, Manchester: Róstà wo ló ń ka irú àkókò yẹn? Iṣẹ́ nìyẹn náà!

Ẹ̀gbọ́n Melbourne: Ẹ padà lọ bá màmá kí ilé ìwòsàn tó ní kí wọ́n máa lọ ilé. Ẹ bá wa kí wọn o.