Ẹ jọ̀ọ́, dókítà òróòro wo lẹ mọ̀? Kíákíá ni o

ÌyáÌbejì: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ojú àbúrò mi ti yẹ́lò, ara ń yún un, kò lè sùn. Wọ́n ya scan, wọ́n ní òkúta ló dí ọ̀nà òróòro. Òṣogbo la wà. Ta lẹ mọ̀?

Àkàndé: UCH Ìbàdàn. Ẹ má wo ibòmíràn. Ẹ bèèrè oníṣẹ́ abẹ tó ń rí sí ẹ̀dọ̀ àti òróòro gan-an.

BabaEléwé: Ibà pọ́njú nìyẹn. Ẹ rẹ egbò sínú omidùn, kó máa mu ún láràárọ̀.

Nọ́ọ̀sìṢadé: Baba, òkúta ni wọ́n pè é! Àgbo wo ló ń yọ òkúta? ÌyáÌbejì, ìgbẹ́ ẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó funfun bí ẹfun? Bí ibà àti òtútù bá ti ń gbọ̀n ọ́n, ẹ má dúró dè wá, pàjáwìrì ni.

TòkunbọÈkó: Ilé ìwòsàn aládàáni kan l'Ékòó, mi ò ní dárúkọ. Wọ́n gbowó tán, wọ́n yọ àpò òróòro ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n fi òkúta sílẹ̀ nínú ọ̀nà! Wọ́n tún padà la inú ẹ̀. Rọ́bà tí òróòro ń gbà jáde sínú báàgì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn rẹ̀ títí ọdún fi yí. Èmi ni mò ń da báàgì yẹn nù.

Ọmọ_Ẹ̀gbá: Yé! Ibo nìyẹn? Ẹ kàn sọ àdúgbò ẹ̀.

Àkàndé: Ṣé ẹ rí i? Mo ní UCH.

TòkunbọÈkó: Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọba tàbí aládàáni. Wọn ò ya MRCP, àwòrán tó ń fi ọ̀nà òróòro hàn, kí wọ́n tó gbé ọ̀bẹ ni.

Ọmọ_Ẹ̀gbá: Ta ló fẹ́ sanwó MRCP? Ẹnu dùn ún rò'fọ́.

ỌláLọ́ńdọ̀nù: Ẹ gbé e lọ Íńdíà.

Ọmọ_Ẹ̀gbá: Ẹni tí kò rí owó MRCP san, Íńdíà?

ÌyáÌbejì: Ìgbẹ́ funfun, ìtọ̀ dúdú. SS (sickle cell) ni, ojú ẹ̀ kì í sábà funfun tẹ́lẹ̀, ìyẹn la ò ṣe tètè fura.

Nọ́ọ̀sìṢadé: SS kẹ̀! Ìyẹn ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ̀jẹ̀ wọn tó ń tètè fọ́ ló ń di òkúta yẹn, kódà lára ọmọdé. ERCP ni kẹ́ ẹ bèèrè: wọ́n á ti kámẹ́rà gba ọ̀fun wọlé, wọ́n á fa òkúta jáde láì la inú. Òun náà léwu tiẹ̀ o, ó lè mú kí pancreas, ẹ̀yà ara kan nítòsí àpò oúnjẹ, wú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dì. Bí òróòro bá dí, vitamin K inú oúnjẹ kì í wọ ara dáadáa, abẹ́rẹ́ ni wọ́n máa ń fi fún un. Kí dókítà ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, kí omi má sì gbẹ lára rẹ̀.

MàmáTolú: Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rá ni wọ́n rí lára ẹ̀dọ̀ tèmi. Ṣé mo ṣì lè jẹ ẹ̀gúsí?

ÌyáÌbejì: Ẹ ṣé gan-an. Ifẹ̀ la gbé e wá, ilé ìwòsàn OAUTHC. Àbúrò ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọkàn mi balẹ̀ síbi tí mo ti ní ènìyàn. Wọ́n ti ń fa omi sí i lára. Ìyá wa ti lọ ra egbò Baba, mo ti gbà á lọ́wọ́ wọn. Ta ló wà n'Ifẹ̀ tó jẹ́ O positive? Wọ́n ní ká wá ẹ̀jẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́.