"Ọmọ mi, ìbéèrè kékeré kan ni": báwo lẹ ṣe ń gbowó rẹ̀?
Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn lórí owó orí ni mò ń ṣe n'Íbàdàn. Oníbàárà mi kan, bàbá àgbàlagbà, máa ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp láàárọ̀ kùtù: "Ọmọ mi, ìbéèrè kékeré kan ni." Ìbéèrè kékeré ọ̀hún lè gba odidi ọjọ́ kan, kò sì sí nínú àdéhùn wa. Ilé-iṣẹ́ mìíràn yọ owó orí nínú owó iṣẹ́ mi, wọn ò fún mi ní rìsíìtì rẹ̀ (èmi tí mò ń kọ́ wọn lówó orí!). Ṣé kí n máa gba ìdajì owó ṣáájú ni, àbí owó oṣooṣù? Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ fún bàbá yìí tí kò fi ní dà bí àfojúdi?