Ilé òṣìṣẹ́ yàrá 18 ní Ògbómọ̀ṣọ́: ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀ kó tó di hòtẹ́ẹ̀lì?

ỌmọAjílété:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé ilẹ̀ kan wà lójú ọ̀nà Ìlọrin, kò jìnnà sí yunifásítì LAUTECH. Yàrá 18 ni, mẹ́sàn-án kọjú sí mẹ́sàn-án, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà láàárín. Yàrá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 ní 12. Àwọn tó ń ṣe ọ̀nà àtàwọn awakọ̀ akẹ́rù ló ń gbé ibẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni balùwẹ̀ àti ṣáláńgá wà. Àwọn onílé fẹ́ kó di hòtẹ́ẹ̀lì kékeré tí tọkọtaya àtọmọ lè sùn sí. Ọ̀rọ̀ ọ̀dà àti táìlì ni wọ́n ń sọ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló yẹ kó ṣáájú? Ṣé kí wọ́n kọ́kọ́ kó àwọn tó ń gbé ibẹ̀ jáde ni?

BíríkìlàÀgbà:
Kí ẹnikẹ́ni má tíì ra ọ̀dà. Àlejò tó sanwó kò gbọdọ̀ gbé korobá gba ojú èèyàn kọjá lọ wẹ̀. Balùwẹ̀ inú yàrá ni iṣẹ́ yìí gan-an.

Ẹ sọ yàrá mẹ́ta-mẹ́ta di méjì-méjì, kí ti àárín di balùwẹ̀ fún ọ̀tún àti òsì. Ẹ má fi gbogbo rẹ̀ ṣe balùwẹ̀ o. Ẹsẹ̀ bàtà 8 tó wà níhà ògiri ìta lẹ máa là sí méjì. Ẹsẹ̀ bàtà 4 tó kù, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn rẹ̀ àtijọ́ máa ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibẹ̀ la ó máa kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí. Yàrá 18 á di 12. Bí balùwẹ̀ bá wà níhà ìta, páìpù ìdọ̀tí á jáde tààrà, kò ní gba abẹ́ yàrá kankan. Lọ́jọ́ tó bá dí, ẹ ò ní fọ́ táìlì lórí àlejò.

Ògiri tí ẹ fẹ́ la ilẹ̀kùn sí lè máa gbé òrùlé. Ẹ fi igi ti òrùlé kí ẹ tó lù ú, kí líńtẹ̀lì kọnkéré tó máa wà lókè ilẹ̀kùn sì wọnú ògiri tó íǹṣì 9 lọ́tùn-ún lósì. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ògiri á sán láti igun ilẹ̀kùn lọ sókè, ọ̀dà kò sì ní lè bò ó. Ilẹ̀ balùwẹ̀ gbọ́dọ̀ fi íǹṣì 2 rẹlẹ̀ sí ti yàrá. Bí sílìn bá jẹ́ asbestos àtijọ́, ẹ wọ́n omi sí i kó rin, kí ẹ tú u lódindi. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi òòlù fọ́ ọ, torí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù ni páìpù ìdọ̀tí. Íǹṣì 4 ni kí ẹ lò fún tọ́ílẹ́ẹ̀tì, kó máa fi ẹsẹ̀ bàtà 1 rẹlẹ̀ nínú ogójì. Ilé yín gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 90. Bí páìpù bá ti ìpẹ̀kun kan lọ dé ìkejì, á ti rẹlẹ̀ tó íǹṣì 27. Tó bá bẹ̀rẹ̀ ní íǹṣì 18 nínú ilẹ̀, íǹṣì 45 ló máa fi wọ kòtò ìdọ̀tí (septic tank). Ẹni tó gbẹ́ kòtò kó tó ṣírò èyí ni omi ìdọ̀tí máa ń padà wá bá nínú ilé. Ẹ fi kòtò sí déédéé àárín ìlà yàrá, kí páìpù máa wá bá a láti ọ̀tún àti òsì: íǹṣì 13 àtààbọ̀ péré ló máa rẹlẹ̀. Kí ìlà kọ̀ọ̀kan ní kòtò tirẹ̀. Fún yàrá mẹ́fà, ẹsẹ̀ bàtà 8 ní 4, kí omi inú rẹ̀ jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 5: bíi lítà 4,500 nìyẹn. Ẹ là á sí méjì, kí ti àkọ́kọ́ gba ìdá méjì nínú mẹ́ta. Sókàwéè tó ń gba omi rẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí kànga tó ẹsẹ̀ bàtà 100, kànga ará àdúgbò náà wà nínú ìṣírò.

Pọ́ńbàTákíè:
Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ ẹ wo omi kí ẹ tó gbẹ́ kòtò kankan. Orí àpáta ni Ògbómọ̀ṣọ́ wà. Kànga tó kún ní oṣù Kẹsàn-án lè gbẹ ní oṣù Kẹta. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ dán an wò: ẹ fa omi rẹ̀ tán, kí ẹ ka wákàtí tó fi padà kún. Ẹ ṣírò lítà 150 fún àlejò kan lóòjọ́. Bí èèyàn 18 bá sùn, 2,700 ni. Táǹkì 2,500 méjì á gbé yín fún bí ọjọ́ méjì tí iná kò bá sí láti fa omi.

Tọ́ọ̀nù 5 ni omi inú wọn nìkan, nítorí náà ẹ má gbé wọn ka orí òrùlé ilé ilẹ̀ yẹn. Ẹ ṣe orí ìdúró kọnkéré fún wọn, kí ìsàlẹ̀ táǹkì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 20 sílẹ̀. Bó bá rẹlẹ̀ jù, ṣáwà á kàn máa kán tótó ni. Kí páìpù ńlá tó yí ilé ká jẹ́ íǹṣì 1 àtààbọ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń fi ti ìdajì íǹṣì yí gbogbo ilé ká, tí ẹni tó wà ní yàrá 1 bá ṣí omi, ti yàrá 6 á dákẹ́.

OníNá:
Wáyà ilé òṣìṣẹ́ kò lè gbé hòtẹ́ẹ̀lì. Gílóòbù àti fáànù ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ tú gbogbo rẹ̀.

AC 1 hp ń jẹ bíi wọ́ọ̀tì 900. Méjìlá jẹ́ 10,800. Bí ẹ bá tún fi ohun ìgbomigbóná wọ́ọ̀tì 1,500 sí yàrá kọ̀ọ̀kan, 18,000 tún nìyẹn. Láàárọ̀ tí gbogbo ayé ń wẹ̀, ó ń sún mọ́ 29,000. Jẹnẹrétọ̀ 20 kVA kò gbé ju 16,000 lọ, á kú lójú àlejò. Ẹ ra ohun ìgbomigbóná tó ń tọ́jú omi gbígbóná, lítà 30, kí ẹ sì fi aago sí i: yàrá mẹ́fà láti aago 4, mẹ́fà yòókù láti aago 5.

Kí AC kọ̀ọ̀kan ní wáyà 2.5 mm àti bíréékà tirẹ̀. Kí iná balùwẹ̀ gba inú bíréékà tó ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá jò tó 30 mA, nítorí ohun tó ń gba ẹ̀mí ẹni tó ń wẹ̀ là nìyẹn. Iná, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n ni kí ẹ so mọ́ ìnfátà. Bátìrì líthíọ́ọ̀mù tó tó 10 kWh á gbé wọn di àárọ̀, jẹnẹrétọ̀ á lè sùn. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ òru wà lára ohun tí àlejò ń sanwó fún. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé, kí ẹnu èéfín kọjú síta, torí èéfín yẹn ń pa èèyàn lójú oorun.

ÌyáÀlejò:
Ọmọ mi, o kú ìbéèrè. Kí wọ́n má lé àwọn òṣìṣẹ́ yẹn. Owó wọn ń wọlé láti Mọ́ńdè dé Fúráídè. Òpin ọ̀sẹ̀ ni ti ìgbéyàwó àti ìsìnkú, àsìkò ìkẹ́kọ̀ọ́yege LAUTECH sì ní ìgbà tirẹ̀. Kí wọ́n kọ́ ìlà kan, kí àwọn òṣìṣẹ́ kó sí ìkejì, lẹ́yìn náà kí wọ́n pààrọ̀. Àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn Bowen náà ń wá ibi tí wọ́n lè sùn sí fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ẹ yọ yàrá méjì tó súnmọ́ ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ fún wọn, kí kẹ́túlù wà níbẹ̀.

Ìdun ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Ẹ má gbé bẹ́ẹ̀dì igi àti fóòmù àtijọ́ kan wọ yàrá tuntun, bó ti wù kó dára tó. Ẹ fi sìmẹ́ǹtì dí gbogbo ihò àti ibi tó ti sán kí ọ̀dà tó dé, ibẹ̀ ló ń sá sí. Ẹ fín yàrá lẹ́ẹ̀mejì, kí ọ̀sẹ̀ méjì wà láàárín, nítorí oògùn kì í sábà pa ẹyin. Ọmọ ìdun tó bá jáde nínú ẹyin lẹ́yìn náà ni fífín ẹlẹ́ẹ̀kejì máa bá. Ẹ má lo oògùn kòkòrò inú ìgò tí wọ́n ṣe fún oko nínú yàrá.

Aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun mẹ́ta fún bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan lórí rẹ̀, ọ̀kan ní fífọ̀, ọ̀kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Tí ó bá jẹ́ méjì, ọjọ́ òjò máa dójú tì yín. Ẹni tó máa jókòó sí ẹnu ọ̀nà gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. "Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ìrìn," kó gbé omi tútù wá, kó tó béèrè owó. Kí ògì àti àkàrà ti wà nílẹ̀ ní aago 6.

ỌmọAjílété:
Ẹ ṣeun gan-an, Mà. Ìwé àṣẹ ńkọ́?

BíríkìlàÀgbà:
Ilé gbígbé ló máa wà nínú àwòrán tí ìjọba fọwọ́ sí, ẹ gba àṣẹ láti yí ìlò rẹ̀ padà kí ẹ tó wó ògiri. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ìwé àṣẹ hòtẹ́ẹ̀lì wà, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti dá a lẹ́jọ́ bẹ́ẹ̀ ní oṣù Keje 2013. Ìbàdàn lẹ máa lọ. Ẹ bá àwọn panápaná sọ̀rọ̀ náà: ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀kùn àbájáde ní ìpẹ̀kun méjèèjì.

Nǹkan kan ló kù. Kí táìlì tó wọlé, ẹ dí ẹnu páìpù ìdọ̀tí, ẹ rọ omi kún un, ẹ sàmì sí ibi tó dé, kí ẹ sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tó bá rẹlẹ̀, ẹ wá ibi tó ń jò kí ẹnikẹ́ni tó po sìmẹ́ǹtì.