Ibi tí ọ̀rọ̀ fáìlì mi parí sí

Ẹ ṣeun gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn nígbà tí mo bèèrè ohun tí mo lè ṣe. Fún ẹni tí kò sí níbẹ̀: àbúrò ọkọ tí mo kọ̀ sílẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ó sì mọ àdírẹ́sì tuntun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi ọ́fíìsì tó ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí fáìlì mi wà.

Mo kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì náà bí ẹ ṣe ní kí n ṣe, mo bèèrè orúkọ àwọn tó ṣí fáìlì mi. Kọ̀ǹpútà wọn máa ń kọ orúkọ, ọjọ́ àti aago sílẹ̀, bí ẹni náà kò tiẹ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀. Ìwé náà dé lánàá. Orúkọ àbúrò ọkọ náà fara hàn nígbà 11! Ọ̀kan jẹ́ aago 7 àárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kà á. Iṣẹ́ kankan ò pa wá pọ̀. Ó kàn ń ṣọ́ mi ni.

Wọ́n ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ títí ìwádìí yóò fi parí, wọ́n sì tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ó ti mọ ilé yìí ná, a ò sì lè sùn níbẹ̀ mọ́. Ọjọ́ Sátidé la máa kó jáde.