Mo fẹ́ kọ́ ilé ìtọ́wò wáìnì sínú ọgbà àjàrà, mi ò fẹ́ kó yọ síta bí egbò

Onípílánù: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ kan wọlé fún mi, ọgbà àjàrà ni, lórí òkè tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹni tó ni ín fẹ́ ilé kan tí àwọn àlejò á ti máa tọ́ wáìnì wò, ó ní kó gba nǹkan bí ogójì èèyàn, kó ní ilé ìdáná kékeré, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti yàrá kan tí àgbá wáìnì á wà. Ohun tó tẹnu mọ́ jù ni pé òun ò fẹ́ kéèyàn dúró nísàlẹ̀ kó máa wo ilé dípò ọgbà. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni kí n gbẹ́ òkè yẹn kí n ri ilé náà mọ́nú ẹ̀ pátápátá kí n wá gbin koríko sórí ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ sọ pé ihò òkùnkùn ni mo fẹ́ kọ́ yẹn, pé ta ló máa wá sí ọgbà tí ò ní rí ọgbà? Mo wá ń rò ó bóyá kí n kàn lo páànù aláwọ̀ ewé àti gíláàsì yíká. Kí lẹ rí sí i?

ÀgbàBíríkì: Páànù aláwọ̀ ewé kẹ̀! Àbúrò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Oṣù mélòó ni àjàrà fi ń ní ewé lọ́dún? Tí òtútù bá dé gbogbo ewé yẹn á rẹ̀ dànù, ilẹ̀, òkúta, òpó àti wáyà ló máa kù, ilé yín á wá dá dúró láàárín wọn bí tánkì omi tí wọ́n kùn lọ́dà. Erùpẹ̀ àti òkúta ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti mú àwọ̀, torí ìyẹn ò kúrò níbẹ̀ tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ wo èyí tí àwọn àkìtẹ́ẹ̀tì Herzog & de Meuron yà fún ilé iṣẹ́ wáìnì Dominus ní Napa Valley ní California ní ìparí àwọn ọdún 1990. Wọn ò ri nǹkan kan mọ́lẹ̀ o, ilé tó gùn tó 100 mítà, tó ga tó mítà 9, síbẹ̀ bí ìlà dúdú kan báyìí ló rí láàárín ọgbà. Òkúta dúdú tí wọ́n ń pè ní basalt ni wọ́n kó sínú wáyà tí wọ́n hun bí àgò adìyẹ, ibì kan fún pinpin, ibòmíì sì ní àlàfo tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, òkúta yẹn náà ló ń gba ooru ọ̀sán mọ́ra tí inú ilé ò fi tètè gbóná. Ẹ gbọ́ mi yé o, ilé ńlá lè fara pa mọ́ tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ tó sì bá ìlà àjàrà lọ.

OmiKìíPurọ́: Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, àmọ́ mi ò gbà pé rírì mọ́lẹ̀ túmọ̀ sí òkùnkùn. Ti ilé iṣẹ́ wáìnì Antinori ní Bargino, lápá gúúsù Florence ní Ítálì, èyí tí àwọn àkìtẹ́ẹ̀tì Archea Associati yà, tí wọ́n ṣí ní 2012, inú òkè ló wà, àjàrà ló wà lórí òrùlé, ohun téèyàn ń rí láti ọ̀ọ́kán ò ju ojú ìlà gbọọrọ méjì lára òkè bíi pé wọ́n fi ọ̀bẹ là á. Ojú ìlà yẹn làwọn èèyàn ti ń wo ìta, wọ́n sì tún lu ihò róbótó sí òrùlé kí ìmọ́lẹ̀ lè já sísàlẹ̀. Ẹ̀yìn lẹ máa fi há òkè, ẹ jẹ́ kí iwájú là.

Omi ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Mo ṣe ilé ìkẹ́rùsí kékeré kan báyẹn nígbà kan, kọ́ńtírátọ̀ ní òun ti da òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́yìn ògiri, òun ti tẹ́ páìpù tí wọ́n lu ihò sí lára, kò dà á kò tẹ́ ẹ, èmi náà ò sì lọ wò kí wọ́n tó bò ó (ẹ̀bi tèmi nìyẹn). Òjò àkọ́kọ́ ló tú wa fó. Ògiri ń làágùn, inú ilé wá ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká tútù sí kọ̀rọ̀. Ilé ìkẹ́rùsí nìyẹn o, ẹ wá rò ó wò ní ibi tó jẹ́ imú làwọn èèyàn ń bá wá.

Ó tún ku ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ tútù máa ń ṣàn bọ̀ wálẹ̀ látorí òkè lóru bí omi. Tẹ́ ẹ bá gbé ilé gbọọrọ dí i lọ́nà, ẹ̀yìn ilé ló máa jókòó sí, ìrì dídì á sì pa àwọn ọmọ ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú lókè ibẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ń tọ́jú ọgbà níbi tí ìrì ti ń dì jù kẹ́ ẹ tó kan èèkàn kankan mọ́lẹ̀.

Onípílánù: Háà, ti afẹ́fẹ́ yẹn ò tiẹ̀ kọjá lọ́kàn mi rí. Ẹ ṣeun gan-an. Gíláàsì ńkọ́?

ImúLóMọ̀: Èmi kì í ṣe àkìtẹ́ẹ̀tì o, ìdí tábìlì ìtọ́wò ni mo ti ń jẹun. Gíláàsì yíká á máa kọ mànà láti ibi tó jìnnà, ẹyẹ á máa fara sọ ọ́, oòrùn á sì wọlé bá ìgò yín, bẹ́ẹ̀ ìtànṣán oòrùn máa ń ba wáìnì jẹ́ nínú ìgò, pàápàá tí ìgò ọ̀hún bá mọ́ gaara. Ẹ fi gíláàsì sójú kan tó kọjú sọ́gbà, kí òrùlé ta yọ dáadáa lórí ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó wúlò fún wa ni èyí tó wá láti apá ibi tí oòrùn kì í gbà wọlé tààrà, ìyẹn àríwá fáwọn tó wà lápá òkè ayé. Kí tábìlì funfun, ẹ má kun ògiri ní pupa tàbí ewé, torí àwọ̀ yẹn máa hàn nínú ife, ẹnì kan á wá máa jiyàn pé wáìnì ti yí àwọ̀ padà. Pákó olóòórùn líle, ọ̀dà tí ò tíì gbẹ, ilé ìdáná tí atẹ́gùn ń gbé òórùn ẹ̀ wọlé, gbogbo ìyẹn ló ń bá wa jà. Àti síǹkì o! Àwọn èèyàn máa ń tu wáìnì dànù lẹ́yìn tí wọ́n bá tọ́ ọ wò, ọ̀pọ̀ àkìtẹ́ẹ̀tì kì í rántí.

Yàrá àgbá ni kẹ́ ẹ tì wọnú òkè, torí nǹkan bíi 12 sí 14 °C ló fẹ́, ilẹ̀ á sì bá yín ṣe díẹ̀ nínú ẹ̀. Tí wọ́n bá tún máa po wáìnì níbẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún gáàsì carbon dioxide, ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló ń rì sí, ó sì ń pààyàn, ẹ má fi àlejò sísàlẹ̀ ibẹ̀ láéláé, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde sí i.

Ẹsẹ̀Ọ̀nà: Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ilé, mọ́tò ńkọ́? Ogójì àlejò lè jẹ́ ogún mọ́tò, páànù ogún tó ń dán yanran nínú oòrùn, ìyẹn làwọn ará ìsàlẹ̀ máa rí! Ẹ gbé ibi ìgbọ́kọ̀sí sísàlẹ̀ tàbí sẹ́yìn igi, ẹ pín in sí wẹ́wẹ́, òkúta wẹ́wẹ́ ni kẹ́ ẹ dà sí i dípò ọ̀dà títì, kí àlejò fẹsẹ̀ rìn gba àárín àjàrà wọlé, àmọ́ ẹ wá ọ̀nà tí kò ga jù fún àwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ. Ẹ fi àyè sílẹ̀ ní ìparí ìlà kí katakata lè yí. Kí ìta tí àlejò á jókòó sí sì jìnnà díẹ̀, torí wọ́n máa ń fín imí ọjọ́ àti bàbà sára àjàrà.

Ẹ tún bi olówó yẹn léèrè dáadáa o. Ilé iṣẹ́ wáìnì Marqués de Riscal ní Sípéènì gbéṣẹ́ fún àkìtẹ́ẹ̀tì Frank Gehry, wọ́n ṣí òtẹ́ẹ̀lì ẹ̀ ní 2006, titanium aláwọ̀ òsùn àti wúrà pẹ̀lú irin tó ń dán bíi fàdákà ló ń jó lórí ẹ̀, kò sẹ́ni tí ò rí i. Òun náà wáìnì ni. Ẹlòmíì á ní òun fẹ́ kí ilé fara pa mọ́, tó bá di ọjọ́ ìṣílé á ní kí ló dé táwọn èèyàn ò rí ilé òun.

Onípílánù: Ẹ̀gbọ́n ẹ pa mí lẹ́rìn-ín, mo máa bi í. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ mo ń padà lọ síbẹ̀, mo máa ri òpó mẹ́rin mọ́lẹ̀ níbi tí igun ilé máa wà, kí gíga wọn dọ́gba pẹ̀lú òrùlé, kí n so okùn pupa mọ́ wọn, kí n wá lọ dúró sójú títì ìsàlẹ̀ kí n wò ó. Màá kó fọ́tò wá.

ÀgbàBíríkì: Ẹ wò ó láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ o, ojú oòrùn méjèèjì ò jọra.